Omi Ni, Ẹ̀ṣẹ́ Kọ́

"Dá a padà! Dá a padà síbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yọ̀!"

Alága gba rìmóòtù lọ́wọ́ Tíṣà, ó tẹ̀ ẹ́, àwòrán inú tẹlifíṣọ̀n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré padà sẹ́yìn. Ọkùnrin tó ti nà gbalaja sílẹ̀ dìde bí ẹni tí wọ́n fi okùn fà, ó padà sínú ìjà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Alága tún tẹ rìmóòtù. Ọkùnrin náà tún ṣubú.

"Omi ni!" Ariwo náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé kúrò lórí pálọ̀ kékeré náà.

"Ẹ wo gìgísẹ̀ rẹ̀," ni Tíṣà wí. Ó ti pẹ́ tí bàbá yìí ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ìṣirò, ṣùgbọ́n kò tíì fẹ̀yìn tì lẹ́nu kíkọ́ èèyàn. Ó fi bírò gún ojú tẹlifíṣọ̀n. "Gìgísẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ. Ẹni tí wọ́n bá kàn lẹ́ṣẹ̀ẹ́, orí ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Orí ni àbí gìgísẹ̀? Ẹ dáhùn."

"Gìgísẹ̀ ni!" Àgbàlagbà, onírùngbọ̀n, wọ́n dá a lóhùn bí ọmọ iléèwé.

"Èmi ni mo da omi yẹn," Kóòṣì tún sọ, ó ń fọwọ́ lu àyà. "Èmi fúnra mi. Mò ń rọ omi sí i lórí, ike bọ́ lọ́wọ́ mi, mi ò sì nu ilẹ̀." A kò tíì rí ẹni tó ń fi ìwà àìbìkítà lẹ́nu iṣẹ́ yangàn tó báyìí. Lálẹ́ ọjọ́ ìjà, omi díẹ̀ ló ní ó ta sílẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi máa mọ́, ó ti di ife kan. Báyìí ó ti di odidi ike, bí wọ́n bá sì fi Kóòṣì sílẹ̀, yóò di odò kí àwọn Ìgbìmọ̀ Ẹ̀ṣẹ́ Kíkàn tó dé.

Ẹni tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ pariwo jókòó sórí àga kan ṣoṣo tó ní tìmùtìmù nínú ilé náà. Gbọingbọin ni wọ́n ń pè é, torí títí di ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, kò sí akànṣẹ́ tó gbá a ṣubú rí. Wọ́n fi awò ojú dúdú bò ó lójú. Kò wo tẹlifíṣọ̀n. Ìka ọwọ́ rẹ̀ kan ń ra ẹ̀yìn etí rẹ̀ òsì, ó ń ra á díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan tó jábọ́ sínú irun.

Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́bàá kọ́tìnnì tó ya pálọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára yàrá, bàsíà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Aránṣọ ni. Wọ́n ti ti máṣíìnì rẹ̀ mọ́ ògiri kí àyè lè gba èrò, ọkùnrin kan tó sanra sì jókòó gbagidi sórí aṣọ oníbàárà rẹ̀. Kò bínú nítorí aṣọ. Ìka tó ń ra ẹ̀yìn etí yẹn ló ń wò.

"Gbọingbọin! Sọ fún wọn! Ṣé ẹ̀ṣẹ́ ni?"

Ọkọ rẹ̀ gbé orí sókè díẹ̀. "Ẹ dín iná kù," ó wí.

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Iná wo? Ọ̀sán gangan rèé! Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dápàárá. Ṣé ẹni tí wọ́n gbá lórí máa lè dápàárá báyìí?"

Ìyàwó wọ yàrá lọ, ó fi kọ́tìnnì kejì bo fèrèsé.

Òótọ́ ni pé ìjà náà sún mọ́ra. Gbọingbọin àti Mànàmáná ni wọ́n jọ figagbága, wọ́n sì lu ara wọn títí ojú àwọn méjèèjì fi yí padà. Adájọ́ mẹ́ta ló jókòó tì wọ́n. Ọ̀kan ní Gbọingbọin ló jàre, ọ̀kan ní Mànàmáná ni, ẹ̀kẹta fi àmì kan péré gbè sẹ́yìn Mànàmáná, nítorí ìṣubú inú ráúńdù tó kẹ́yìn. Bí ìṣubú yẹn bá jẹ́ ti ẹ̀ṣẹ́, Mànàmáná ló gba bẹ́líìtì. Bó bá jẹ́ pé omi ló mú ẹsẹ̀ Gbọingbọin yọ̀, òun ló ni ín. Ìlú pín sí méjì lórí ẹsẹ̀ tó yọ̀. Onígbàjámọ̀ kan fá orí oníbàárà rẹ̀ dé àbọ̀, ó gbọ́ tó ní ẹ̀ṣẹ́ ni, ó sì lé e síta pẹ̀lú àbọ̀ irun. Ìyá àti ọmọ kì í kíra wọn mọ́ nínú ilé kan. Wọ́n ti gbàgbé pé ẹnì kan ló ni orí tó ṣubú náà.

Aránṣọ yìí kì í lọ síbi ìjà. Ṣòkòtò péńpé tí ọkọ rẹ̀ fi ń jà nìkan ló máa ń rán, a sì dúró sílé. Ṣùgbọ́n òun nìkan ló mọ òótọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ní òwúrọ̀ Sátidé, ó ń bá ọkọ rẹ̀ fọ ẹ̀yìn ní balùwẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì sọ ọ́ láìjẹ́ pé ó bi í.

"Ó gbá mi," ó wí. "Mi ò rí i kó tó dé. Mo kàn gbọ́ 'gbà' nínú orí mi, bí ìgbà tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn. Mo ti wà nílẹ̀ kí n tó mọ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wọn?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Àwọn tí wọn ò sùn láti àná nítorí mi? Kí n wá ba ayọ̀ wọn jẹ́?"

Èèyàn rere ni ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn kí wọ́n máa hó lé òun lórí ju bó ṣe fẹ́ràn oúnjẹ lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ìmọ́lẹ̀ ń ta á lójú. Ní òwúrọ̀ Sọ́ńdè, ife tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ òsì, ó sì ń wo ọwọ́ náà bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. Láti ìgbà yẹn ni ìyàwó rẹ̀ ti ń pariwo ọsibítù.

Lọ́sàn-án Sọ́ńdè yìí, ó bá Alága nínú àgbàlá, níbi tó ti ń gba atẹ́gùn. Alága ni olórí Ẹgbẹ́ Ọmọ Gbọingbọin, àwọn tó ń ti Gbọingbọin lẹ́yìn. Sìmẹ́ǹtì àti irin ló ń tà. Láyé rẹ̀, kò kan ẹnikẹ́ni lẹ́ṣẹ̀ẹ́ rí, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó kàn án. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ rọ̀ bíi ti ọmọ tuntun. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ìjà bá dé, "àwa" ni ẹnu rẹ̀ ń sọ: a jà, a fara dà á, a ò wólẹ̀. Ìgbà tí Gbọingbọin bá ń da ẹ̀jẹ̀ nímú nìkan ni kì í sí "àwa" níbẹ̀.

"Alága, ẹ dákun. Ó tún ti bì. Ẹ yá mi ní ọkọ̀ yín kí n gbé e lọ sọ́sibítù."

Alága yára wo orí ògiri, ó wo ẹnu ọ̀nà. "Rọra sọ̀rọ̀, ìyàwó wa. Ṣé o fẹ́ kí ará ẹ̀yìnkùlé gbọ́ ni?"

"Kí wọ́n gbọ́. Ara ọkọ mi ò yá."

"Fọkàn balẹ̀, kó o gbọ́ mi yé. Kí là ń bá Ìgbìmọ̀ fà? A ní omi ló mú un yọ̀, wọn ò gbá a. Ẹni tí wọn ò gbá, kí ló máa ṣe é lórí? Bó bá wọ ọsibítù lónìí, dókítà á kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n gbá a lórí. Akọ̀wé tó ń tọ́jú káàdì níbẹ̀, ọmọ Mànàmáná ni, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Kílẹ̀ tó ṣú, gbogbo ìlú ti gbọ́. Ọ̀rọ̀ wa kú nìyẹn."

"Ọ̀rọ̀ yín ló máa kú. Ọkọ mi ńkọ́?"

"Háà! Ọlọ́run ò ní jẹ́. Gbọingbọin tá a mọ̀?" Ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó rọ̀ lé e léjìká. "Ọ̀la lọ́sàn-án ni ọ̀gá láti Ìgbìmọ̀ ń bọ̀. Kó rí i pé ara ọkọ rẹ le, kí ọkọ rẹ kí i, ó tán. Tí wọ́n bá ti yí èsì padà, èmi fúnra mi ni máa gbé e lọ sí ọsibítù olówó ńlá, èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ mú yàrá tutù. Tórí bá ń fọ́ ọ, fún un ní oògùn orí. Kó má sì bọ́ awò yẹn lójú."

Ó padà wọlé lọ wo ìṣubú náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ilẹ̀ Mọ́ńdè mọ́ báyìí ni ìyàwó wọ ẹ̀wù sí ọkọ rẹ̀ lọ́rùn, ó fà á lọ́wọ́ gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Ọmọbìnrin wọn kékeré ti wà lọ́dọ̀ aládùúgbò. Ọkọ rẹ̀ ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì nílẹ̀, ó ń tẹ̀ lé e láìjanpata, ìyẹn gan-an ló sì dẹ́rù ba ìyàwó jù, torí ọkùnrin tó fẹ́ràn àríyànjiyàn ni. Ilé ìwòsàn kò jìnnà. Téèyàn bá dúró ní oríta, yóò rí òrùlé rẹ̀ aláwọ̀ ewé lápá ọ̀tún. Ṣùgbọ́n Gbọingbọin kò lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ mọ́.

Takisí kan dúró. Awakọ̀ yọ orí síta, ẹnu rẹ̀ sì là gbàgà.

"Gbọingbọin! Ọ̀gá mi! Ẹ wọlé, ẹ wọlé, mi ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín!" Ó sáré sọ̀ kalẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn. "Níbo là ń lọ?"

"Ọsibítù," ìyàwó dáhùn.

Awakọ̀ fọwọ́ di ilẹ̀kùn náà mú, kò jẹ́ kí wọ́n wọlé mọ́. "Ọsibítù kẹ̀? Ìyàwó wa, ṣé ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ ń sọ? Lónìí tí Ìgbìmọ̀ ń bọ̀?"

"Ẹ wò ó. Ẹ ṣáà wò ó."

Awakọ̀ kò wo ọkùnrin náà. Ìgboro ló wò, bóyá ẹnì kan ń rí wọn. "Ọmọ Gbọingbọin tòótọ́ ni mí," ó wí, ohùn rẹ̀ sì kún fún ìbànújẹ́ bí ẹni tí wọ́n dalẹ̀ rẹ̀. "Ẹ má fọkọ̀ mi ṣe irú èyí. Ẹ jọ̀ọ́."

Àwọn alápatà tó wà lódìkejì ọ̀nà ti rí wọn. Ọmọ Mànàmáná ni gbogbo wọn. "Ẹ wá wò ó o! Ọsibítù ló ń lọ! A wí bẹ́ẹ̀! Ẹ̀ṣẹ́ ni! Ẹ̀ṣẹ́ ni!" Wọ́n ń fi ọ̀bẹ lu tábìlì ẹran, ẹ̀jẹ̀ ń ta sókè, inú wọn ń dùn ṣìnkìn. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó sọdá wá di ọkùnrin tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ náà mú.

Àfi fèrè takisí pàá! Awakọ̀ ń fun ún láìdáwọ́ dúró. Àwọn Ọmọ Gbọingbọin tú jáde láti ṣọ́ọ̀bù, láti ilé, láti ìdí iṣẹ́, Kóòṣì ló ṣíwájú wọn. "Irọ́ ni! Atẹ́gùn ló jáde wá gbà! Àárọ̀ yìí ló sáré yí ìlú ká!" Kí ìyàwó tó lè fohùn, wọ́n ti gbé ọkọ rẹ̀ sókè. Wọ́n gbé e lé èjìká, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń jó yí ọ̀nà po, orí rẹ̀ ń fì síhìn-ín, ó ń fì sọ́hùn-ún. Ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún lọ sókè, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìyàwó rẹ̀ rí ẹ̀rín náà. Títí dòní, kò tíì lè dárí ẹ̀rín yẹn jì í.

Ní oríta, òrùlé aláwọ̀ ewé wà lápá ọ̀tún. Apá òsì ni wọ́n yà sí. Ìyàwó sáré tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan tó bọ́ lẹ́sẹ̀ ọkọ rẹ̀.

Ọ̀gá tó wá láti Ìgbìmọ̀ jẹ́ ọkùnrin kan tó wọ kóòtù nínú ooru. Wọ́n fún un ní mínírà tútù, ó mu ún tán kó tó kí ẹni tí wọ́n ní kó wá wò.

"Kó dìde," ó wí.

Gbọingbọin dìde. Ohun tí ọ̀gá kò rí, ìyàwó tó wà lẹ́yìn kọ́tìnnì rí i: Kóòṣì ti ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn ìgbànú rẹ̀, ó rọ̀ mọ́ ọn gidigidi, òun ló gbé e dúró.

"Ara ńkọ́?"

"Ara... le... sà." Ahọ́n rẹ̀ wúwo, ọ̀rọ̀ náà sì ń jáde bí ẹni tó kó òwú sẹ́nu.

"Ẹ wo ìrẹ̀lẹ̀," Alága yára dá sí i. "Jẹ́jẹ́ báyìí ló ṣe ń sọ̀rọ̀, sà. Inú ìjà nìkan lẹ ti máa mọ̀ pé kìnnìún ni."

Ọ̀gá náà mi orí sókè sódò, ó ní ọkùnrin náà le. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Kóòṣì rọra sọ Gbọingbọin kalẹ̀ sórí àga bí ẹni ń sọ àpò sìmẹ́ǹtì, wọ́n sì tan fídíò. Tíṣà mú bírò, ó ń ṣàlàyé ráúńdù kọ̀ọ̀kan. Èyí tiwa. Èyí tiwọn. Èyí ọ̀mì ni, ṣùgbọ́n tiwa ni. Ẹnìkan jiyàn pé ẹ̀ṣẹ́ ráúńdù kẹrin kan ìbọ̀wọ́ ni, kò kan ojú. Wọ́n dá a padà. Wọ́n tún un wò. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀.

Gbọingbọin bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun.

"Ẹ gbọ́ o!" Alága bú sẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí i. "Sà, ẹ wo bí ọkàn rẹ̀ ṣe balẹ̀. Ṣé ẹni tó mọ̀ pé òun jẹ̀bi máa ń sùn báyìí?" Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín.

Ìyàwó ti ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin náà láti ọdún pípẹ́. Ó mọ ìhanrun rẹ̀ bó ṣe mọ ìró máṣíìnì ara rẹ̀, èyí kọ́. Ọ̀nà ọ̀fun ni èyí ti ń wá, ó ń hó bíi páìpù tí nǹkan dí. Ó bọ́ sáàárín èrò.

"Yẹra, ìyàwó," Tíṣà wí, "o ń dí wa lójú."

Ó bọ́ awò dúdú náà. Ẹyinjú kan kéré. Ìkejì là sílẹ̀ dúdú kirimú, ìmọ́lẹ̀ tẹlifíṣọ̀n ń tàn nínú rẹ̀, kò sì mi. Ìyàwó yípo, ó fa wáyà tẹlifíṣọ̀n já lára ògiri.

"Ta ló pa á? Ráúńdù tó kẹ́yìn la ṣẹ̀ṣẹ̀ dé!"

"Ọkọ mi ń kú!"

Ilé wá dákẹ́ rọ́rọ́, ìgbà àkọ́kọ́ láti Sátidé. Wọ́n gbọ́ ìhanrun náà, wọ́n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́yìn náà wọn ò gbọ́ ọ mọ́. Alága ló kọ́kọ́ lanu. Kò kọjú sí Gbọingbọin, kò kọjú sí ìyàwó. Ọ̀gá láti Ìgbìmọ̀ ló kọjú sí.

"Ibà ni, sà," ó wí. "Ibà ti ń ṣe é tipẹ́."

Ọkọ̀ Alága wá wúlò nígbà náà. Inú rẹ̀ ni Gbọingbọin kú sí kí wọ́n tó dé oríta.

Dókítà tó jáde wá bá ìyàwó jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó kàwé dáadáa. Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé pé iṣan kan ló bẹ́ nínú agbárí, ẹ̀jẹ̀ sì ń jọ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi há ọpọlọ mọ́. Bí wọ́n bá gbé e wá ní Sátidé, tàbí ní àárọ̀ Sọ́ńdè pàápàá, iṣẹ́ abẹ ni wọn ì bá fi yọ ọ́. Ó bá a kẹ́dùn. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó wẹ̀yìn wò, ó sì tẹ̀ síwájú díẹ̀.

"Ẹ má bínú o, màmá. Ìṣubú tó kẹ́yìn yẹn... ṣé omi ni lóòótọ́?"



Ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n sì dájọ́. Wọ́n ní fídíò làwọn wò, àwọn ò béèrè ọ̀rọ̀ dókítà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín okùn ìjà ló kan àwọn. Èyí tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kí mọ̀lẹ́bí bójú tó o. Wọ́n ní omi ni. Wọ́n ní kí Mànàmáná dá bẹ́líìtì padà fún ìyàwó Gbọingbọin ní gbọ̀ngàn ìlú, níṣojú gbogbo ayé.

Alága wá sílé lọ́jọ́ tó ṣáájú ìpàdé gbọ̀ngàn náà. Ó jókòó sórí àga tó ní tìmùtìmù.

"A ti borí, ìyàwó wa," ó wí, omijé gidi sì wà lójú rẹ̀. "Ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ níbi tó wà. Ẹgbẹ́ ti sọ pé àwa la máa rán ọmọ rẹ níléèwé títí tó fi máa jáde. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ló kù. Wọ́n máa fún ọ ní máìkì. Kó o kàn ní ibà ló pa á. Nítorí àwọn ọmọ Mànàmáná ń sọ kiri pé tí kì í bá ṣe ẹ̀ṣẹ́, kí ló pa á."

"Kí ló pa á, Alága?"

"Ibà," Alága dáhùn, kíá, láìṣẹ́jú.

Gbọ̀ngàn kún dẹ́nu. Ọmọ Gbọingbọin lápá kan, ọmọ Mànàmáná lápá kejì, ọlọ́pàá láàárín. Mànàmáná wá pẹ̀lú fìlà tó fà bo ojú. Ọmọdé ni, ìyàwó kò mọ̀ pé ó kéré tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó na bẹ́líìtì sí i, ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ẹ forí jì mí, mà." Ọwọ́ rẹ̀ kò dé ibi tí ọwọ́ ìyàwó wà. Bẹ́líìtì jábọ́ sáàárín àwọn méjèèjì, ó dún gbàà, apá kan gbọ̀ngàn sì fi ṣẹ̀sín pé ó ń dùn ún láti yọ̀ǹda rẹ̀.

Ìyàwó bẹ̀rẹ̀ mú un, wọ́n sì fún un ní máìkì. Alága jókòó níwájú, ó ń fẹnu sọ ọ́ fún un láìfohùn: ibà, ibà.

"Lọ́jọ́ kejì ìjà," ìyàwó wí, "mò ń bá ọkọ mi fọ ẹ̀yìn. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi. Ó ní ẹ̀ṣẹ́ ni. Ó ní òun ò rí i kó tó dé."

Ọ̀rọ̀ ṣì pọ̀ nínú rẹ̀. Ó fẹ́ sọ ti bàsíà tí ọkọ rẹ̀ ń bì sí àti ti ife tíì. Ó fẹ́ sọ pé àwọn kan gbé e lé èjìká kúrò lọ́nà ọsibítù, àwọn kan sì ń lu tábìlì ẹran. Ó sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbọ́. Láti orí "ẹ̀ṣẹ́ ni" ni gbọ̀ngàn ti dàrú.

"Ẹ̀ṣẹ́ ni! Ìyàwó ẹ̀ ló sọ ọ́! Ẹ̀ṣẹ́ ni!" Wọ́n ń fò sókè, wọ́n ń dì mọ́ra wọn, àgbàlagbà kan ń sunkún ayọ̀. Ọkùnrin kan ti kú, ó ti wá dájú pé ẹ̀ṣẹ́ ló pa á, inú wọn sì ń dùn bí ẹni pé ó jí dìde. Lápá kejì, wọ́n ń pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Tíṣà dúró lórí àga, ó ń pariwo pé ọ̀rọ̀ inú balùwẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí. "Èmi ni mo da omi!" Kóòṣì ń ké, ohùn rẹ̀ ti há. Alága ti já bẹ́líìtì gbà lọ́wọ́ ìyàwó, ó fi há abíyá.

Àwọn ọmọ Mànàmáná gbé akínkanjú wọn sókè. Wọ́n gbé e lé èjìká, wọ́n ń kọrin, wọ́n gbé e gba ẹnu ọ̀nà jáde sínú oòrùn. Fìlà rẹ̀ jábọ́. Ìyàwó ń wò ó láti orí àtẹ̀gùn. Ó rí i tó di ojú méjèèjì pinpin, bí ẹni pé wọ́n fi ata sí ìmọ́lẹ̀. Ó rí ọwọ́ rẹ̀ tó lọ sẹ́yìn etí, ìka kan ń ra ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ìyàwó sáré sọ̀ kalẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó gbá tẹ̀ lé wọn, gèlè rẹ̀ tú sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ gbé e lọ sọ́sibítù! Ẹ wo orí rẹ̀! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo orí rẹ̀!"

Alápatà kan bojú wẹ̀yìn, ó rí i, ó sì na ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ẹ wò ó! Ìyàwó Gbọingbọin ti di tiwa!"

Wọ́n hó yèè. Wọ́n gbé ọmọkùnrin náà ga sí i. Nígbà tí wọ́n dé oríta, wọ́n yà sápá òsì.